Gírédà Dé, Gírédà Lọ: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọ̀nà Oko Lọ́wọ́ Àwọn Káńsù Ẹ̀yìn Ìbàdàn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá káńsù kan ń tọ́jú ọ̀nà, ẹ má tíì bi alága léèrè. Ẹ lọ sí ibi tí ọ̀dà ti pin, kí ẹ bá onímọ́tò Míkírà tó ń kó èrò lọ sóko sọ̀rọ̀. Tó bá ní, "Mi ò wọ ibẹ̀ o, ẹ lọ gun ọ̀kadà," àyẹ̀wò ti parí nìyẹn. Tó bá ní òun á wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n owó ti lé, ẹ bi í pé láti ìgbà wo. Ohun tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé láti ìgbà tí òjò ti dé ni, bẹ́ẹ̀ gírédà, ẹ̀rọ tó ń fá ọ̀nà, kò tíì kúrò níbẹ̀ ju oṣù méjì lọ.

Iṣẹ́ yẹn gan-an là ń yẹ̀ wò: títún ọ̀nà oko ṣe, tí káńsù ń ṣe fún àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká. Káńsù 11 ló wà n'Ìbàdàn. Márùn-ún wà nínú ìgboro. Mẹ́fà yòókù, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà, ni ilẹ̀ oko pọ̀ sí jù. A ò na ìka sí ọ̀kankan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí níbi gbogbo là ń wò.

Ká tó lọ jìnnà, bí a bá ní ká fi ìràwọ̀ márùn-ún wọ̀n ọ́, a fún gírédà ní méjì, a fún kọ́fátì, ìyẹn ihò tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà kọjá, ní mẹ́ta níbi tí wọ́n bá ti rọra ṣe é, gọ́tà ò rí ju ìdajì ìràwọ̀ kan lọ. Gọ́tà yẹn ló sì yẹ kó gba iwájú, torí omi ló ń pa ọ̀nà ilẹ̀. Mọ́tò kàn ń bá omi kì í mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀nà, kí ẹ má baà gbé ẹjọ́ lọ sílé onílé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. FERMA ni wọ́n dá sílẹ̀ láti máa tún un ṣe. Títì ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ OYSROMA àti iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní Agodi. Èyí tó kù, tó ya kúrò lára títì wọ inú oko, tí ó so abúlé mọ́ abúlé, ti káńsù ni. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 kọ ọ́ síbẹ̀ pé káńsù ni yóò máa la ọ̀nà àdúgbò, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀, tòun ti gọ́tà. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin gan-an dárúkọ gọ́tà. Kò dárúkọ gírédà.

Ní ti gírédà. Ọ̀nà ilẹ̀ tó dáa a máa ní ẹ̀yìn bí ẹ̀yìn ahun: àárín rẹ̀ á ga, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dà sí gọ́tà. Kì í ṣe ohun àfojúdá. Bí ẹ bá ti àárín ọ̀nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní mítà kan, ilẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6. Ọ̀nà tó bá fẹ̀ ní mítà 5, àárín rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀n ọ́. Ẹ wá pákó tó tọ́, tó gùn ní mítà 2, kí ẹ yá lẹ́fẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà. Ẹ fi orí pákó kan lé àárín ọ̀nà, kí ẹ gbé orí kejì sókè títí afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ̀lì yóò fi dúró láàárín, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín orí kejì yẹn àti ilẹ̀. 8 sí 12 sẹ̀ǹtímítà ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ 3, omi á sùn síbẹ̀. Tó bá ti ń kọjá 15, mọ́tò tó di ẹrù á máa tẹ̀, àgbàrá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Gọ́tà ni iṣẹ́ ti í bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á là á kí omi tó ríbi gbà. Lẹ́yìn náà ni gírédà á máa fá erùpẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bíléèdì rẹ̀ á sì wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn jù lọ. Bí wọ́n bá kàn bu erùpẹ̀ dí kòtò láì tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jìn padà. Wọ́n á wọ́n omi sí i láti inú táńkì, rólà á sì tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Gírédà á lọ á bọ̀ ní ìgbà 4 sí 6 lórí ibì kan náà. Tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kìlómítà 4 sí 5 lóòjọ́ ti tó.

Awakọ̀ tí wọ́n ní kó parí kìlómítà 10 kí ilẹ̀ tó ṣú kò ráyè ẹ̀yìn ahun. Ńṣe ló máa fá ojú ọ̀nà, tó máa ti erùpẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, tó máa gba ibẹ̀ lọ. Ó tẹ́jú, ó ń dán, wọ́n á ya fọ́tò, alága á dúró síwájú gírédà. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti di ebè. Ebè yẹn ti dí ẹnu gọ́tà, ojú ọ̀nà sì ti rẹlẹ̀ ju igbó lọ. Òjò àkọ́kọ́ kò ní ibòmíì tó máa gbà ju àárín ọ̀nà lọ. Lọ́dún kejì wọ́n á tún fá a. Tó bá fi máa di ọdún karùn-ún, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á ti ga bí ògiri, gbòǹgbò igi á máa yọ lára rẹ̀, ẹni tó ń rìn níbẹ̀ á máa gbójú sókè kó tó rí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn sókè. Irú ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà mọ́, ipa àgbàrá ni, gírédà ló sì gbẹ́ ẹ.

Ìgbà tí wọ́n ń wá tún ṣe pàtàkì. Òjò Ìbàdàn a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, a sì máa lọ títí dé oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú ìdákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ló dára jù fún gírédà, torí ọ̀rinrin ṣì wà nínú ilẹ̀, ó ń gbà kí rólà tẹ òun. Ní oṣù Kìíní, nínú ọyẹ́, eruku lásán ni wọ́n máa fá, àfi tí táńkì omi bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọ̀nà tí rólà kò tẹ̀ á ti ká bíi páànù, mọ́tò á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ní oṣù Keje ẹ̀wẹ̀, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pò.

Gírédà ńlá a máa mu dísẹ́ẹ̀lì tó lítà 15 sí 20 ní wákàtí kan. Iṣẹ́ wákàtí 8 jẹ́ lítà 120 sí 160, a ò tíì ka owó ọkọ̀ gbọọrọ tó máa gbé e wá. Ìdí nìyí tí ará abúlé fi sábà máa ń gbọ́ pé, "Gírédà wà, ẹ lọ wá dísẹ́ẹ̀lì." Èsì wa: bí ẹ bá máa wá dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin náà ti di ọ̀gá iṣẹ́. Ẹ béèrè rólà àti omi kí ẹ tó bu epo sí i. Bí kò bá sí méjèèjì, ẹ jẹ́ kí gírédà máa bá tirẹ̀ lọ, kí ẹ fi owó yẹn la gọ́tà.

Erùpẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ tí àwọn onítípà ń pè ní látẹ́ráìtì ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń dá ìjà sílẹ̀. Kìlómítà kan ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 5.5, tí a fẹ́ kí erùpẹ̀ rẹ̀ ki ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́yìn tí rólà bá ti tẹ̀ ẹ́, á gba 825 mítà oníbú-òró-àtìga. Erùpẹ̀ tó ṣì tú nínú típà kò ì tíì fún pọ̀, nítorí náà ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un: ó ti súnmọ́ 1,030. Típà tó ń gbé 10, ìrìn-àjò 103 ni. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun da látẹ́ráìtì sí kìlómítà mẹ́ta, tí ará abúlé sì ka típà 40, kò sóhun tí a ń jiyàn lé lórí mọ́. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún owó káńsù ni kí wọ́n máa da á síbi tó bàjẹ́ nìkan: ibi pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tó gùn ní 100 mítà, tó fẹ̀ ní 4, tí a fẹ́ kó ki ní sẹ̀ǹtímítà 10, típà 5 ti tó o.

Ẹ má gba erùpẹ̀ kankan láì fọwọ́ kàn án. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ta omi sí i, kí ẹ pò ó. Tó bá ṣe é yí bí okùn tín-ín-rín láì já, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, mọ́tò á máa yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Tó bá kàn tú sílẹ̀ láì di ara rẹ̀ mú, iyanrìn ni, atẹ́gùn ló ni ín. Èyí tó dáa a máa dì mọ́ra, ẹ ó sì máa mọ òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Òkúta tó bá tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí wọ́n ṣà á dànù. Bíléèdì á kàn máa wọ́ ọ ni, á sì máa fi ya ojú ọ̀nà. Òkìtì tí wọ́n dà sílẹ̀ tí wọn ò tẹ́ burú ju àìdà á lọ, torí àgbàrá á pínyà sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, á sì gbẹ́ kòtò tuntun méjì.

Kọ́fátì ni káńsù ti ń ṣe dáadáa díẹ̀, bóyá torí pé ó ṣe é yà fọ́tò, ó sì ń pẹ́. Ríìngì kọnkéré ni wọ́n ń tò lábẹ́ ọ̀nà fi ṣe é, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 ló kéré jù. 90 la fara mọ́, torí ènìyàn lè rá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ láti kó iyanrìn jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ kó dà ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 fún mítà kan, kí omi lè máa gbá iyanrìn lọ fúnra rẹ̀. Tí ríìngì kò bá ní irin nínú, erùpẹ̀ tó bò ó gbọ́dọ̀ ki tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹnu rẹ̀. Fún ríìngì 90, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ibi tí èyí kò bá pé, típà oníyanrìn kan ṣoṣo ló máa fọ́ ọ. Bí ríìngì kan bá gùn ní mítà 1, ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 5.5 nílò 7, kí orí rẹ̀ lè yọ síta. Márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń rà. Bí ẹ bá rí ọ̀nà tó fún lójijì lórí kọ́fátì, tí ọ̀kadà méjì kò lè pàdé níbẹ̀, ríìngì méjì tó kù ni wọ́n fi pamọ́.

Àléébù mìíràn ni pé wọ́n ń gbàgbé ògiri ẹnu kọ́fátì, wọn kì í sì í to òkúta síbi tí omi ti ń jáde. Omi tó jáde pẹ̀lú ipá á gbẹ́ ilẹ̀ sí abẹ́ ríìngì tó kẹ́yìn, á ṣubú, èyí tó tẹ̀ lé e á tẹ̀ lé e. Ìbàdàn ò sì lè sọ pé òun ò mọ ohun tí omi tí kò ríbi gbà lè ṣe: 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wa, àwọn afárá tó lọ lọ́jọ́ náà, àti àwọn èèyàn tó bá a lọ.

Wàyí o, gọ́tà. Yàtọ̀ sí èyí tó bá ọ̀nà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a tún gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka tó ń ya omi kúrò wọ inú igbó, ní nǹkan bí mítà 20 sí 50 síra wọn, kí omi má baà kó ara jọ títí á fi lágbára. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń di ti ará oko: ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ níwájú ẹ̀ka gọ́tà kò fẹ́ kí omi gbogbo ọ̀nà wọ inú oko òun, tó bá di alẹ́ á fi ebè dí i. Ẹ jókòó pẹ̀lú Baálẹ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀ka náà gùn dé ibi tí ilẹ̀ ti dà. Kí ó má kàn pin sí ẹnu oko ẹni kan.

Ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Lọ́pọ̀ ibi, kò sẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan tó ní ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì àti bárò lè máa tọ́jú kìlómítà 1 sí 2 láti ọdún dé ọdún, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ará ibẹ̀ ni. Ká fi ìṣirò sí i: kìlómítà 20, ènìyàn 10. Bí káńsù tilẹ̀ san ₦80,000 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ₦800,000 ni lóṣù kan. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ń gbà, kò dìgbà tí a bá san owó odindi oṣù.

Níbo lowó ti ń wá, kí ló dé tí kì í dé ibẹ̀? Nínú owó tí Abuja ń pín lóṣooṣù, 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì tún ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó VAT. Ìwé òfin, ní abala 162, ní kí owó náà gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì, kí ohunkóhun tó kan ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀yọ́, káńsù 33 ni òfin mọ̀, ṣùgbọ́n LCDA 35, ìyẹn àwọn káńsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tún wà ní àfikún sí wọn, gbogbo wọn ní alága, ọ́fíìsì àti mọ́tò, látinú ìkòkò kan náà. Ní 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó káńsù tààrà fún káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ilé-ẹjọ́ ti sọ pé kí alága ra ríìngì 7 dípò 5.

Owó tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀ la rò pé ó yẹ kí ọ̀nà máa gbára lé. Òfin owó orí ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 1998 to ohun tí káńsù lè gbà lẹ́sẹẹsẹ: owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, owó ọjà, owó gáréèjì, owó ilé, owó odò ẹran, owó páálí ìpolówó, owó dídí ọ̀nà fún àríyá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ di ọ̀nà láti gba owó. Ẹni tó kó tòmátò wá láti oko mọ bí òfin yẹn ṣe rí lójú pópó. Ohun tó ń dunni jù ni pé ẹrù tó gba ọ̀nà tó bàjẹ́ kọjá ló ń san tíkẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì náà á lọ da ara pọ̀ mọ́ gbogbo owó, kò sì ní padà sọ́nà mọ́. Káńsù tó bá fẹ́ ìràwọ̀ kẹrin lọ́wọ́ wa, kó kọ ọ́ sínú ìṣúná pé iye báyìí nínú owó ọjà jẹ́ ti àwọn agbálẹ̀ gọ́tà, kó sì fi nọ́ńbà sára tíkẹ́ẹ̀tì kí a lè kà á.

Ní ti RAAMP tí Báńkì Àgbáyé ń bá ìpínlẹ̀ ṣe, iṣẹ́ lílà ọ̀nà oko ńlá ni, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n lílà kì í ṣe títọ́jú. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ìpínlẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ dá àpò owó ọ̀nà sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí káńsù dá òun lóhùn, kó kọ lẹ́tà kó tó di oṣù Kẹwàá, torí oṣù Kìíní ni ìṣúná ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i, kó gba ọwọ́ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjínníà káńsù. "Ọ̀nà wa ti bàjẹ́" kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ kọ orúkọ abúlé tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, iye kìlómítà tí ọ̀kadà kà, iye ibi tí omi ti ń gé ọ̀nà, ọjọ́ ọjà, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀. Kí fọ́tò jẹ́ èyí tí ẹ yà nígbà òjò. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ti wà nínú ìṣúná, ẹ fi òfin FOI ọdún 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, béèrè ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti fèsì.

Ọmọ Ìbàdàn tó wà nígboro, tí oko bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn Mọ́níyà tàbí Àkànràn, a máa fẹ́ dáwó. Kí ìdáwó má kọ́kọ́ lọ sórí látẹ́ráìtì. Ríìngì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi ọ̀wẹ̀ la gọ́tà, káńsù á wá rí ohun tó máa da erùpẹ̀ lé lórí.

Bí wọ́n bá wá gbé iṣẹ́ fún kọngílá, wọ́n máa ń dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀ dúró, ó sábà máa ń jẹ́ 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, títí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Nígbà tí ó bá gbé ìwé wá bá Baálẹ̀ nínú oṣù Kìíní pé kó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ dára, kí Baálẹ̀ fún un ní omi mu, kó sì ní kó padà wá lẹ́yìn òjò ńlá kẹta.